Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: báwo lẹ ṣe ń kó o jọ tí ẹ kò fi ń ṣì í lò?

Aránṣọ_Ìtòkú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Télọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àdìrẹ ni mo sì máa ń rán jù. Nígbà kan, Yorùbá ni èmi àti oníbàárà jọ ń sọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ń gbé àwòrán iṣẹ́ mi sórí Instagram, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn kan ń pè mí láti Àbújá, àwọn kan láti London, òyìnbó pọ́ńbélé sì wà nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kọ ránṣẹ́.

Mo kàwé dé JSS3. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, mo ń gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá kan kí n fèsì, ọ̀rọ̀ kì í tó mi í lò. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, màdáámù òyìnbó kan tó ń gbé Àbújá gba kaba rẹ̀, ó wá kọ̀wé pé, "Can you take it in at the waist?" Ọmọ iṣẹ́ mi tó bá mi kà á bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé màdáámù ti lóyún ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín, owó ló wà níbẹ̀.

Mo ra ìwé kékeré kan lọ́jà. Ó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, ó to ìtumọ̀ Yorùbá sápá ọ̀tún. Mò ń há a sórí lálaalẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti la èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Mi ò wá gírámà ńlá. Èyí tí màá fi ṣòwò ni mo ń wá.

Tíṣà_Ìkirè

Ìyáàfin, ẹ kú iṣẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà mí, ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti màdáámù. Kò lóyún. Lẹ́nu télọ̀ òyìnbó, "take it in" ni pé kí ẹ dín aṣọ náà kù níbi tó ti fẹ̀ jù. Bó bá há jù, á ní kí ẹ "let it out". Bó bá gùn jù, á ní kí ẹ "take it up". Àwa ní Nàìjíríà la sọ "take in" di oyún.

Ìwé tí ẹ rà yẹn ni mo fura sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ló bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mu rẹ́gí. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo "yá". Bí mo bá gba owó lọ́wọ́ yín tí màá dá a padà, mo yá owó. Bí ẹ̀yin bá fún mi, ẹ yá mi lówó. "Yá" kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: ẹni tó gbà ló "borrow", ẹni tó fún un ló "lend". Ibẹ̀ ni "borrow me your scissors" ti wá. "Kọ́" náà ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ yín ń kọ́ṣẹ́, "learn" nìyẹn. Ẹ̀yin ń kọ́ ọ níṣẹ́, ó di "teach". "Gbọ́" tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: à ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ èdè, à ń gbọ́ òórùn. Ohùn nìkan ni "hear" wà fún. Ti èdè ni "understand", ti òórùn ni "smell". Ẹni tó bá ní "I am hearing the smell of fish", Yorùbá ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ara èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin télọ̀ lẹ sì nílò rẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ láti itan, ó dé ọmọ ìka. Òyìnbó gé e ní ọrùn ẹsẹ̀: òkè ni "leg", ìsàlẹ̀ ni "foot". Ìka ọwọ́ ni "finger", ti ẹsẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, "toe". Apá aṣọ ni "sleeve", kì í ṣe "hand".

Nítorí náà, ẹ má há ọ̀rọ̀ sórí lóun nìkan. Ẹ há a mọ́ àwọn tó máa ń bá rìn: "lend me your scissors", "borrow it from her". Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ẹ fura. Ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí.

Ọmọ_Tẹ́ẹ̀kì

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Bàbá Tíṣà sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí èèyàn kọ́kọ́ mú? Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju ohun tí orí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ.

Tíṣà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael West, tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, to nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó wúlò jù sínú ìwé ní 1953. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló kún inú ohun tí à ń kà lójoojúmọ́, ìyókù kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Rédíò Voice of America náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1959 tí wọ́n ń fi nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ ka ìròyìn, wọ́n á sì rọra kà á. Ogun, ìbò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn sọ. Averil Coxhead náà to 570 ìdílé ọ̀rọ̀ mìíràn (ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó jáde lára rẹ̀) jáde ní 2000, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń lọ yunifásítì nìyẹn, kò kàn yín mà.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi há a: ní 1885, ọmọ Jámánì kan, Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ohun tí a há sórí máa ń tètè sá lọ ní wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó wá ń rọra lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni pé ká padà sí i, ká sì máa jẹ́ kí àlàfo àárín ìpadàsí méjì gùn sí i. Lálaalẹ́ tí ẹ ń ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn tí ẹ ti mọ̀ lẹ tún ń kà. Ẹ gé bébà pátánì tó ṣẹ́kù sí kékeré-kékeré. Ẹ kọ gbólóhùn kan sójú kan, ẹ fi àlàfo síbi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Èyí tí ẹ bá gbà, ẹ gbé e sínú páálí kejì, ó di lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tún gbà á, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí ẹ bá kùnà, ó padà sí páálí àkọ́kọ́. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Leitner ló sọ ètò páálí yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Tí fóònù bá tẹ́ yín lọ́rùn jù, áàpù kan tó ń jẹ́ Anki ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Android.

Gbólóhùn tí ẹ ó kọ sínú rẹ̀, ẹ má lọ wá a jìnnà. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà yín kọ sí yín ni kí ẹ ti mú un.

Ìyá_Peckham

Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí ti aṣọ, torí ojú mi ti rí nǹkan ní ìlú London yìí.

Aránṣọ, àbúrò mi, má kọ "knicker" ránṣẹ́ sí oníbàárà London láé! Lọ́dọ̀ wa, ṣòkòtò péńpé ni. Níbí, "knickers" ni pátá obìnrin. Ọkùnrin tó bá ní kí o rán ṣòkòtò péńpé fún òun, "shorts" ni kí o kọ sí i. "Pants" náà ò dúró sójú kan: aṣọ abẹ́ ni ní Britain, ṣòkòtò ni ní Amẹ́ríkà. "Trousers" ò ní dójú tì ọ́ níbikíbi. "Gown" tí a fi ń pe gbogbo kaba ní Nàìjíríà, níbí aṣọ òde ńlá ni, tàbí ti ìyàwó, tàbí èyí tí àwọn tó ń gboyè ń wọ̀. Kaba lásán, "dress" ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì tiwa, "vest" ni àwọn ń pè é.

Mo tún rí "amendment" lójú ìwé àwọn télọ̀ wa lórí Instagram. Òfin ni wọ́n ń "amend", àti ìwé àdéhùn. Aṣọ, "alter" ni, iṣẹ́ náà sì ni "alterations". Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ níbí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí gàdàgbà. "It sized her" náà ni kí o fi sílẹ̀. "It fits her" ni.

Kì í ṣe aṣọ nìkan o. Níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Yorùbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sọ pé "I'm coming", á sì jáde lọ. Òyìnbó á dúró, á máa wò ó, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ kì í kẹ̀yìn síni. "I'll be right back" ni ìyẹn. Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀, a ó ní "sorry", torí pẹ̀lẹ́ ni a ní lọ́kàn. Àwọn á ní, "Why? It's not your fault." Ẹni tó bá jẹ̀bi ló sábà máa ń sọ "sorry" lọ́dọ̀ wọn. "Are you all right?" ló bá pẹ̀lẹ́ tiwa mu jù níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Mushin

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ mi ò fara mọ́ gbogbo eléyìí. Ta ló ní tiwọn ni ojúlówó, tiwa ni àṣìṣe? Ní January 2020, àwọn Oxford fúnra wọn kéde pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 kún ìwé atúmọ̀ èdè wọn. "Next tomorrow" wà níbẹ̀. "Put to bed" wà níbẹ̀. "Send-forth", "K-leg", "barbing salon", "severally", wọ́n wà níbẹ̀ pátá. "Buka" wà níbẹ̀. "Danfo" àti "tokunbo" tó jẹ́ Yorùbá gan-an wà níbẹ̀. Ọ̀túnla ni mo fẹ́ sọ, mo sì sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì. Òyìnbó ń sọ "the day after tomorrow", ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbáko. Èwo ló gbọ́n jù?

Amẹ́ríkà yí Gẹ̀ẹ́sì padà, Jàmáíkà yí i padà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ "corrections". Àwa nìkan ni à ń na ara wa lẹ́gba.

Ẹlẹ́rìn-ín

@Ọmọ_Mushin, gbà á, mo fún ọ ní àga. Àmọ́ má gbàgbé àwọn tó ń sọ pé "I was opportuned to be chanced" níbi àpèjẹ.

Àwọn yẹn ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á rí ọ̀rọ̀ gígùn kan nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á gbé e síbi tí kò yẹ. Ẹni tó kó bọ́tìnnì wúrà jọ tí kò ní ẹ̀wù ni wọ́n. "I had the chance" ti tó.

Tíṣà_Ìkirè

@Ọmọ_Mushin, ọmọ mi, o sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìwé atúmọ̀ èdè kì í fúnni láṣẹ, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ló ń kọ sílẹ̀. Bí o bá sì wò ó dáadáa, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn pé ti Nàìjíríà ni. Ìyẹn ni pé wọ́n ń sọ fún ará Manchester pé bí ó bá gbọ́ "next tomorrow", Nàìjíríà ló ti wá. Wọn ò ní ará Manchester á gbọ́ ọ láì bi ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ni mo ń wò. Oníbàárà tó wà ní Surulere á gbọ́ "next tomorrow", ẹ sọ ọ́ fún un, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ òyìnbó, ẹ dárúkọ ọjọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Britain tó sì ń ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì ìwé kíkọ rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ tó yàn àti bó ṣe lò ó. Kì í ṣe ibẹ̀ ni yóò ti jà fún Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà.

Àwọn kan tún wà tí n kò ní bá ọ gbè. "Informations", "equipments", "furnitures", "luggages", "advices". Yorùbá ló fà á: bí nǹkan bá ti pọ̀, "àwọn" ni a ó gbé ṣíwájú rẹ̀, ó parí. Àwọn ẹrù, àwọn ìmọ̀ràn, àwọn àga. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka irú ìwọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rí wọn bí a ṣe ń rí omi. Bó o bá fẹ́ kà á, o ó wá ohun tí o ó fi wọ̀n ọ́n: "a piece of advice", "two pieces of luggage". Bákan náà ni "discuss about" àti "reply me". "Discuss" kò fẹ́ "about", "reply" sì fẹ́ "to".

Ọmọ_Kétu

Mo kí gbogbo yín láti Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Tiwa tún le ju tiyín lọ, torí Faransé ni a fi kàwé, Yorùbá ni a ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni a nílò bí a bá kọjá ibodè lọ rajà ní Èkó. Ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì jọ ara wọn púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tan èèyàn.

"Demander" Faransé, béèrè lásán ni. Ará ilé wa kan tó bá dé Balógun tó sì ní "I demand the price", bí ẹni tó wá fa wàhálà ni àwọn ìyá ọlọ́jà á ṣe wò ó. "Librairie" ni ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, "library" ni ibi tí wọ́n ti ń kà á. "Actuellement" ni lọ́wọ́lọ́wọ́, "actually" ni ní ti gidi. Ẹni tó bá sì lọ síbi ìgbéyàwó, Faransé ní ó "assister", ló bá dé Nàìjíríà, ó ní "I assisted the wedding". Wọ́n á máa bi í pé iṣẹ́ wo ló bá wọn ṣe níbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ní oníbàárà láti ọ̀dọ̀ wa. "Veste" tiwa, kóòtù ni. "Robe" tiwa, kaba lásán ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bíi Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rán síńgílẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó fẹ́ kóòtù.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún ti Bàbá Tíṣà. A ń sọ "ẹran" fún èyí tó ń jẹko, a tún ń sọ "ẹran" fún èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Òyìnbó ní "cow" nígbà tó wà láàyè, "beef" nígbà tó di oúnjẹ. "Sheep" di "mutton", "pig" di "pork". Faransé ni "beef", "mutton" àti "pork": "bœuf", "mouton", "porc". Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè àwọn tuntun yẹn di èdè àwọn olówó àti ààfin, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn tí "cow meat" fi ń dún bákan létí wọn.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má bínú pé mo gba ibòmíràn yọ. Àwọn ọmọ mi ń lọ sí iléèwé aládàáni kan, tíṣà wọn ní kí n yé sọ Yorùbá sí wọn nílé, pé òun ni kò jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọn dán. Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ yìí, ó wá dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo àṣìṣe tí ẹ ń kà, ẹ̀ ń ní Yorùbá ló fà á.

Tíṣà_Ìkirè

Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò! Ohun tí mo sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan tó dá dúró, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì gíga, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí ẹ bá gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ta ni yóò wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé? Gẹ̀ẹ́sì tiyín náà ni yóò gbọ́. Ẹ sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì máa ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fún wọn kí wọ́n tó sùn.

Aránṣọ_Ìtòkú

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí ẹni kọ́ ọmọ yín náà. Mo ti gé bébà pátánì, ọmọ iṣẹ́ mi sì ti ń bá mi dán wọn wò.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mo ti yọ "knicker" kúrò lójú ìwé mi!

Ìbéèrè mìíràn nìyí, Bàbá Tíṣà. "Cloth" àti "clothes", ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni èkínní, púpọ̀ ni èkejì? Ẹ tún sọ fún mi, tí okùn bá já nínú ẹ̀rọ, ṣé "the thread has cut" ló dáa?

Tíṣà_Ìkirè

Ìbéèrè télọ̀ gidi nìyí, ó dùn mọ́ mi.

"Aṣọ" tiwa wà lára èyí tó ṣì wà ní ìdì lọ́jà, ó wà lára èyí tí ẹ ti rán. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n. "Cloth" ni èyí tí ẹ kò tíì gé, "fabric" náà ni. Ẹ fi sọ́kàn pé "a cloth" ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fi ń nu tábìlì, nítorí náà ẹni tó bá ní "I have sewn your cloth" fún òyìnbó, òyìnbó náà lè rò pé aṣọ ìnutábìlì ni. "Clothes" ni èyí tí à ń wọ̀, kò sì ní ẹyọ kan. Kò sí "one clothes". Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ dárúkọ rẹ̀: "a dress", "a shirt", "a skirt". Ojú kan náà ni ẹ ó fi mọ ìdí tí "cloth" kì í fi í ṣe ẹyọ "clothes".

Ti okùn: Yorùbá ló gbọ́n jù níbí. A mọ̀ pé ẹnìkan ló ń gé nǹkan, nǹkan sì ń já fúnra rẹ̀. Lẹ́nu wa ní Nàìjíríà, "cut" ti gba méjèèjì, ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń "cut" lójú ọ̀nà. Ẹ pa ìyàtọ̀ tí Yorùbá ti fún yín mọ́. Gé ni "cut". Já ni "snap" tàbí "break". "The thread has snapped."

Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé tiwa ló pọ̀ ju tiwọn lọ. A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró. "Wear" kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀, ìyẹn nígbà tó bá ti wà lára. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sára lọ́wọ́, "put on" ni. Bó bá kan gèlè, "tie" ni àwa ń sọ, ẹ má yí i padà, kò sí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n wé jù wá lọ.

Aránṣọ_Ìtòkú

Ẹ ṣé sà. Èyí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màdáámù Àbújá. Ẹ bá mi wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́:

"Good evening ma. I have take in the dress at the waist. My apprentice will waybill it next tomorrow. He is a careful girl. Reply me if the time is okay."

Ọmọ_Tẹ́ẹ̀kì

Ó dáa gan-an mà. "Take in" ti yanjú. Lẹ́yìn "have", "taken" ló máa jẹ́.

Tíṣà_Ìkirè

Ìyókù kéré. "Waybill" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe, èdè gáréèjì tiwa ni. Màdáámù lè mọ̀ ọ́n bó bá ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n "send it by bus" yé gbogbo èèyàn. Ẹ fi ọjọ́ rọ́pò "next tomorrow". "Ó" Yorùbá kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, òyìnbó ń bèèrè, nítorí náà "she". "Reply me" a ti sọ ọ́ lókè.

"Good evening. I have taken the dress in at the waist. My apprentice will send it by bus on Thursday. She is very careful. Please let me know if Thursday is all right."

"Ma" tí mo yọ yẹn, ẹ lè dá a padà tí màdáámù kò bá kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ́ kí ẹ pe orúkọ wọn. Mo mọ̀ pé ẹnu yín kò ní gbà á.

Aránṣọ_Ìtòkú

Orúkọ ẹni tó jù mí lọ? Rárá o, bàbá. "Ma" padà síbẹ̀.

Ìyá_Peckham

😂 Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kù nǹkan kan, àbúrò mi: nígbàkúùgbà tí oníbàárà òkè òkun bá fi ìwọ̀n ara ránṣẹ́, bi í pé "Is that in inches or centimetres?" kí o tó fi síìsọ́ọ̀sì kan aṣọ. Àwa tó ti dàgbà níbí ń lo ínṣì, àwọn ọmọ wa ń lo sẹ̀ǹtímítà, gbogbo wa sì máa ń kọ iye rẹ̀ láì sọ èwo ni.